Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Oníkọ̀ǹpútà: Láptọ́ọ̀pù rí píríńtà, ìwé kò jáde

ÌBÉÈRÈ

Bọ̀dá oníkọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mákún, Ṣágámù, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn. HP LaserJet 1020 ni mo ń lò. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń bá a ṣiṣẹ́ ló kú. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó fún mi ní òmíràn, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe so wáyà USB mọ́ ọn báyìí ló dún, ó ní òun ti rí nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó tẹ̀wé, kò sí ohun tó ń jáde. Mo yọ wáyà, mo tì í bọ ojú kejì, ni orúkọ píríńtà bá di méjì, wọ́n kọ "Copy 1" sí ìkejì lára. CD tó bá a wá ti sọnù, láptọ́ọ̀pù yìí kò tilẹ̀ ní ojú CD. Ẹnì kan ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù wá kí òun bá mi fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ẹlòmíràn ní píríńtà ló ti lọ. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?

Onítẹ̀wé, Mákún, Ṣágámù

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́. Driver ni láptọ́ọ̀pù yín kò ní, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ó lè bá píríńtà sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ fọ́ọ̀mátì láptọ́ọ̀pù nítorí driver fẹ́ gba owó tí kò ṣiṣẹ́ fún ni, yóò sì pa gbogbo iṣẹ́ oníbàárà tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Mo ń rí irú èyí lemọ́lemọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó sì máa ń bí mi nínú. Tí wọ́n bá fọ́ọ̀mátì tán, driver yẹn náà ni wọn yóò ṣì wá lọ wá fi síbẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣágámù, ohun tí driver ń ṣe kò lè ṣòro fún yín láti mọ̀. Hausa tó wá ra obì ní Sábó kò gbọ́ Rẹ́mọ, ìyá tó kó obì wá láti oko kò gbọ́ Hausa. Ẹni tó dúró láàárín wọn, tó gbọ́ tọ̀tún tòsì, ló ń jẹ́ kí ọjà wọ̀. Driver ni ẹni àárín yẹn. Wáyà USB kàn gbé àwọn méjèèjì jókòó síwájú ara wọn ni. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù fi dún pé òun rí ẹnì kan, tí kò sì rí nǹkan bá a sọ.

1020 yín sì nílò driver tirẹ̀ ju ọ̀pọ̀ píríńtà lọ. Àwọn píríńtà kan wà tí wọ́n gbọ́ èdè àjùmọ̀lò bíi PCL tàbí PostScript, ìyẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n gba driver gbogbogbòò. 1020 kò sí lára wọn. Mẹ́mórì rẹ̀ kò ju MB 2 lọ. Láptọ́ọ̀pù ní í ṣe gbogbo ìṣirò ojú ìwé parí kó tó fi ránṣẹ́ sí i, driver rẹ̀ gan-an ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kódà, ìgbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ tún un tàn, driver ní í tún ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́ gbé wọ inú rẹ̀ láti ojú wáyà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín yan driver LaserJet mìíràn pé "wọ́n ṣáà jọra", ẹ má dá a lóhùn.

Kẹ́ ẹ tó náwó sí dátà, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá wáyà àti píríńtà ń fọhùn. Ẹ tan píríńtà, ẹ so wáyà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X lórí kíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ mú Device Manager. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ Universal Serial Bus controllers sí, kẹ́ ẹ ṣí i. Tẹ́ ẹ bá rí "USB Printing Support" níbẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Wáyà dáa, ojú USB dáa, píríńtà ń dáhùn. Driver nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "Unknown USB Device" lẹ rí, ẹ má wulẹ̀ gbé driver kankan wálẹ̀, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Wáyà ni, tàbí ojú USB, tàbí píríńtà fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí l'Ọ́jà Òkè Ajé, orí láptọ́ọ̀pù yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò owó ọjà. Ó ti ra wáyà tuntun, ó ti yá píríńtà ẹlòmíràn wò, Unknown USB Device náà ló ń rí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ojú USB. Wóró gàrí kan ló há sábẹ́ ahọ́n kékeré tó wà nínú rẹ̀, gàrí Ìjẹ̀bú gidi, ó gbẹ, ó le bí òkúta. Mo pa láptọ́ọ̀pù, mo yọ bátìrì, mo fi igi ìtayín tín-ín-rín yọ ọ́ jáde. Bí a ṣe tàn án padà ni píríńtà dáhùn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo tiyín. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ o, irin ni.

Ní ti wáyà, èyí tí ẹnu rẹ̀ kan pẹlẹbẹ tí èkejì sì rí bí igun mẹ́rin lẹ fẹ́. Kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 5 lọ. Tó bá kúrú jùyẹn lọ, ó tún dáa sí i. Ẹ so ó tààrà mọ́ ara láptọ́ọ̀pù. Àwọn ohun kékeré olójú mẹ́rin tí wọ́n ń tà láti sọ ojú USB kan di púpọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Bí ẹ ò tilẹ̀ bi mí, mo mọ bí iná ṣe ń rí ní Ṣágámù. Nínú píríńtà léésà, irin gbígbóná kan wà tó ń lẹ tónà, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, mọ́ ìwé. Bí irin yẹn bá ti fẹ́ gbóná, iná tó ń fà kì í ṣe kékeré. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kóńkóló lẹ tàn, ẹ óò gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ wúùù, gílóòbù á ṣẹ́jú, píríńtà á kú, á sì tún jí. Láptọ́ọ̀pù yín tó wà lórí bátìrì kò ní kú. Yóò kàn dún lẹ́ẹ̀kan pé píríńtà ti lọ, yóò tún dún pé ó ti dé. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí driver ń wọlé lọ́wọ́, á já sí ìdajì. Àwọn kan á wá máa wí pé driver yẹn kò dáa. Ẹ dúró de iná NEPA, tàbí kẹ́ ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ tó o. Ẹ má sì ki píríńtà léésà bọ ara UPS, ẹ ó pa UPS yẹn ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ẹ yọ wáyà USB kúrò. Mo tún un sọ: ẹ yọ ọ́ kúrò. Ibi tí gbogbo ayé ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ so wáyà mọ́ ọn, Windows á sáré wá ohun tó bá rí fi dípò, tí kò bá rí èyí tó bá a mu, á forúkọ píríńtà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìní driver tó pé. Driver ló ń ṣíwájú, wáyà ló ń tẹ̀lé e. Àfi tí driver tẹ́ ẹ gbé wálẹ̀ bá sọ ohun mìíràn fún yín lójú kọ̀ǹpútà.

Ti "Copy 1" yẹn kì í ṣe àjèjì. Windows máa ń fún ọ̀nà tí píríńtà gbà wọlé ní nọ́ńbà, USB001, USB002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ kó wáyà lọ sí ojú kejì, ó rò pé píríńtà mìíràn ló dé, ó bá tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Méjèèjì la máa yọ kúrò báyìí, torí pé tí èyí tó ti dàrú bá wà nílẹ̀, tuntun á lọ gbára lé e.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, àpótí kékeré kan á yọ. Ẹ kọ control printers sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí 1020 kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yan Remove device. Bí ó bá kọ̀, a jẹ́ pé àwọn iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti rán sí i tí kò tẹ̀ ṣì wà lórí ìlà. Ó sì dá mi lójú pé wọ́n wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa tẹ Print lẹ́ẹ̀kan péré tí kò bá rí ìwé. Ẹ padà sínú àpótí Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ services.msc. Ẹ wá Print Spooler rí, òun ló ń to iṣẹ́ ìtẹ̀wé sórí ìlà, ẹ tẹ Stop. Ẹ wá lọ sí fódà C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo wí o, ẹ má pa fódà fúnra rẹ̀. Ẹ padà sí Print Spooler, ẹ tẹ Start. Báyìí, Remove device á ṣiṣẹ́.

Ó ku ibì kan tí ọ̀pọ̀ àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí pàápàá kì í dé. Tẹ́ ẹ bá yọ píríńtà, ẹ ò tíì yọ driver. Ó ṣì wà nínú àká Windows, ibẹ̀ ni yóò sì ti tún fa èyí tó ti bàjẹ́ yẹn jáde nígbà tẹ́ ẹ bá so wáyà. Nínú àpótí Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ printui /s /t2. Ìlà àwọn driver á yọ. Ẹ mú ti 1020, ẹ tẹ Remove, kẹ́ ẹ sì yan èyí tó ní kẹ́ ẹ yọ driver àti ẹrù rẹ̀ pọ̀, "Remove driver and driver package". Ẹ má fọwọ́ kan àwọn tó ní Microsoft lára. Lẹ́yìn náà, ẹ pa láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ó kan íntánẹ́ẹ̀tì wàyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Settings, System, About, kẹ́ ẹ wo iwájú System type bóyá 64-bit ni tàbí 32-bit. Driver 32-bit kò lè ṣiṣẹ́ lórí Windows 64-bit. Ẹ wá lọ tààrà sí support.hp.com, ẹ kọ LaserJet 1020 síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un pé Windows 10 lẹ ní. Ẹ má lọ kọ "driver 1020" sórí Google kẹ́ ẹ sì máa tẹ ohun tó bá kọ́kọ́ yọ. Ìpolówó ló sábà máa ń wà lókè níbẹ̀. Àwọn tó ń pe ara wọn ní Driver Updater, tí wọ́n á ní driver yín mẹ́tàdínlógún ti bàjẹ́, tí wọ́n á sì béèrè owó, èmi ò rí ìwúlò wọn rí. Lórí ojúewé HP, tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n pè ní Hostbased Plug and Play Basic Driver, ó tó fún yín. Kò tóbi, kò sì ní kó àwọn ètò mìíràn tẹ́ ẹ ò ní lò wọlé.

Bó bá ti wálẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ṣe ohunkóhun, ẹ dà á kọ sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ kọ "1020" sára fláàṣì yẹn, kẹ́ ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Ní September 2023, Microsoft kéde pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yóò máa dáwọ́ dúró láti máa gba Windows Update pín driver àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe píríńtà. Ẹni tí píríńtà rẹ̀ ti pẹ́ bí tiyín, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi tọ́jú tirẹ̀.

Ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí fáìlì náà, ẹ yan Run as administrator. Tó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń darí ènìyàn, ẹ máa tẹ̀lé e títí yóò fi ní kẹ́ ẹ so wáyà. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tan píríńtà, kẹ́ ẹ so ó, kẹ́ ẹ sì káwọ́ lẹ́yìn. Ẹ má tẹ nǹkan kan títí yóò fi parí. Tó bá sì jẹ́ irú èyí tó kàn tú ẹrù rẹ̀ sínú fódà kan tó sì dákẹ́, ẹ rántí orúkọ fódà náà, ẹ tan píríńtà, ẹ so wáyà, kẹ́ ẹ padà síbi tí àwọn píríńtà wà. Ẹ tẹ Add a printer, lẹ́yìn náà "The printer that I want isn't listed", lẹ́yìn náà èyí tó ní ẹ óò fọwọ́ ara yín ṣe é. Ní ibi tó ti béèrè ọ̀nà, ẹ mú USB001. Ní ibi driver, ẹ tẹ Have Disk, kẹ́ ẹ fi fódà yẹn hàn án. Ó ń jẹ́ Disk lóòótọ́, kò bèèrè CD lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá tẹ ojú ìwé ìdánwò: ọ̀tún máòsì lórí píríńtà, Printer properties, Print Test Page. Bí kò bá jáde, nínú Printer properties yẹn náà, ẹ lọ sí Ports. Ẹ wo èyí tí wọ́n fi àmì sí. Bó bá jẹ́ LPT1, ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn, ti wáyà ńlá olójú púpọ̀ tá à ń lò kí USB tó dé. Iṣẹ́ yín ń lọ síbi tí kò sẹ́ni kankan. Ẹ yọ àmì níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi sí USB001 tàbí USB002, èyí tí orúkọ 1020 bá wà níwájú rẹ̀. Ẹ lẹ tépù pupa kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú USB tẹ́ ẹ lò lára láptọ́ọ̀pù, kí ọmọṣẹ́ yín má máa kó wáyà kiri.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò bi mí: láti ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Píríńtà yín kò ní tìtorí ìyẹn kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí fláàṣì gbogbo ará àdúgbò ń wọ̀, tó sì tún ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kó pẹ́ láìrí àtúnṣe.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ágọ̀-Ìwòyè. Mo ra HP P1102 lọ́wọ́ ẹni tó ń parí ẹ̀kọ́. Tí mo bá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, CD ló ń hàn dípò píríńtà. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n lù mí ní jìbìtì?

ÌDÁHÙN

Rárá, àbúrò mi, wọn ò lù ọ́ ní jìbìtì. Àwọn tó ṣe é ló fi driver rẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó má bàa nílò CD, Smart Install ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣe bíi CD títí driver yóò fi wọlé, lẹ́yìn náà ló máa ń yí padà di píríńtà. Ìwọ ṣí CD yẹn, wàá rí fáìlì tó máa fi driver sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Windows tìrẹ lè jẹ́ ọmọdé sí píríńtà yẹn. Tó bá kọ̀, gbé driver P1102 wálẹ̀ láti ọ̀dọ̀ HP, kí o sì tẹ̀lé ohun tí mo sọ fún onítẹ̀wé Mákún lókè yìí. Tónà tìrẹ, 85A ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 12A fún ọ, ti 1020 nìyẹn, kò wọlé sí i.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi ni mò ń tẹ ìwé ètò ìsìn ìjọ wa. Píríńtà ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, tí mo bá tẹ Print, á ní kí n wá orúkọ tí òun máa fi tọ́jú fáìlì. Ìwé kò ní jáde.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bàbá. Píríńtà yín kò ṣe nǹkan kan. Windows ló ń yàn fún yín. Èyí tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn ló máa ń fi ṣe àkọ́kọ́, bóyá ẹ sì ti lo Microsoft Print to PDF lọ́jọ́ kan láti fi ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyẹn kì í tẹ̀wé sórí bébà, fáìlì ló ń ṣe. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi Printers and scanners, kẹ́ ẹ pa "Let Windows manage my default printer". Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ píríńtà yín gan-an, kẹ́ ẹ yan Set as default. Tẹ́ ẹ bá wá nílò PDF, inú Word ni kẹ́ ẹ ti yàn án fún ìwé yẹn nìkan.